Àgùàlà ń Bá Oṣù Rìn: Ibi tí Fluorescent ti Gba Orúkọ

ÌBÉÈRÈ

 

Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò iná mànàmáná ni mo ní ní Abẹ́òkúta. Gílóòbù, wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti túùbù gbọọrọ tí gbogbo ayé ń pè ní fluorescent ni mò ń tà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ka ara páálí túùbù, ó ní tíṣà àwọn sọ pé ara flower, ìyẹn òdòdó, ni orúkọ yẹn ti wá, pé ṣe ni iná náà ń tanná bí òdòdó. Oníṣẹ́ iná kan tó wá ra ṣókù gbọ́ ọ, ó ní rárá o, flow ni, nítorí pé iná ń ṣàn láti etí túùbù kan dé etí kejì. N kò mọ ẹni tí màá gbè lẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú pésìtì tí a fi ń fọ eyín, mo rí fluoride lára rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, àbí ohun tó wà nínú iná náà la tún ń fi sẹ́nu? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n sinmi.

Ìyá kan tó ń ta ohun èlò iná, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ bá mi kí ọmọ yín dáadáa. Ọmọ tó ń ka ara páálí, tó tún ń bèèrè ibi tí orúkọ ti wá, ẹ má jẹ́ kó sinmi ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹjọ́ náà ná, kí n tó wá rò ó. Ti òdòdó kọ́. Oníṣẹ́ iná gbìyànjú, nítorí pé ṣíṣàn wà nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ló ṣàn. Ẹ̀yin tí ẹ wo ara pésìtì lẹ sún mọ́ ìdílé ọ̀rọ̀ náà jù lọ, torí pé ọmọ ìyá ni fluorescent àti fluoride. Òkúta kan ni ìyá tó bí wọn.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ tíṣà fi wọ ọmọ yín létí. Lédè wa, òdòdó àti iná kò jìnnà síra. Igi tó yọ òdòdó, a ní ó tanná; òdòdó fúnra rẹ̀ la tún ń pè ní ìtànná. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé iná gba orúkọ lára òdòdó, kò ní jiyàn, torí èdè ìyá rẹ̀ ti so àwọn méjèèjì pọ̀ fún un tipẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Flos ni wọ́n ń pe òdòdó níbẹ̀, ó sì máa ń di floris bí gbólóhùn bá yí i. Láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí florist, ẹni tó ń ta òdòdó, àti florescent, ohun tó ń tanná. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: kò sí u nínú rẹ̀. Lára páálí yín, u wà láàrin l àti o.

Lẹ́tà kan ṣoṣo? Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ọkọ ló fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ la fi ń roko, ọkọ̀ la ń wọ̀ lọ sí Èkó, ọ̀kọ̀ la sì fi ń gún ẹran nínú igbó. Àmì kékeré orí ọ̀rọ̀ ló yà wọ́n. Ẹnu wa máa ń gbé u inú fluorescent mì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ òdòdó.

Ti flow tún jinlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó wà nídìí fluorescent ni fluere, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan máa ṣàn. Flow náà túmọ̀ sí ṣíṣàn, wọ́n tún jọra lẹ́nu. Síbẹ̀, àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ èdè àtijọ́ fi hàn pé gbòǹgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti hù. Fluid àti fluent ni ẹbí fluere. Flow kì í ṣe ará ilé wọn. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà ni ìràwọ̀ ńlá tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá nígbà mìíràn; ojú wa ló pa wọ́n pọ̀. Kálukú ló ń rin ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ rántí àgùàlà yìí, nítorí a óò padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe iná ló ṣàn, kí ló wá ṣàn? Ìdàrọ́ ni.

Ní ìlú Joachimsthal ní ilẹ̀ Bohemia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, àwọn awakùsà ń wa fàdákà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Dókítà ìlú náà ni Georg Bauer, ará Jámánì tó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Látìn sí Georgius Agricola. Àgbẹ̀ ni orúkọ méjèèjì túmọ̀ sí. Ọkùnrin yìí máa ń lọ bá àwọn awakùsà nídìí iṣẹ́ wọn, ó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó ń bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan. Ní ọdún 1530, ó tẹ ìwé kan jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní Bermannus. Nínú rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ àwọn òkúta kan tó lẹ́wà bí iyùn olówó iyebíye ṣùgbọ́n tí kò le tó wọn, tí àwọn awakùsà sì ń dà sínú iléru.

Ẹni tó bá ti dúró ti alágbẹ̀dẹ àtijọ́ rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Òkúta tí wọ́n wà jáde láti inú ilẹ̀ kì í ṣe fàdákà tàbí irin nìkan; ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iléru bá gbóná, ìdọ̀tí yẹn ló ń di ìdàrọ́. Bí ìdàrọ́ bá ki, tó lẹ̀ mọ́ ohun tí à ń wá, wàhálà dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da òkúta ẹlẹ́wà yìí mọ́ ọn, ooru kékeré á tó o, ìdàrọ́ á yọ́, á sì ṣàn kúrò bí omi. Nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ni àwọn awakùsà fi ń fi èdè Jámánì pè é ní asúnṣàn, ohun tó ń mú nǹkan ṣàn. Agricola gba orúkọ náà lẹ́nu wọn, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn, ó ní fluores. Nígbà tó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe òkúta náà ní fluorspar.

Títí dé ibí yìí, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ooru iléru àti òógùn awakùsà ló wà níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ó pẹ́ tí ojú ti ń rí ohun tí ẹnu kò mọ bí yóò ṣe pè é. Ní ọdún 1565, Nicolás Monardes, dókítà ará Seville ní Spéènì, kọ nípa igi kan tí wọ́n ń kó wá láti Mẹ́síkò, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi, omi náà á yọ àwọ̀ aró. Ní ọdún 1833, David Brewster ará Scotland tan ìmọ́lẹ̀ sínú omi ewé tútù tí wọ́n fi ọtí fà, ó rí i pé pupa ló ń jáde lára ohun tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ní ọdún 1845, John Herschel kọ nípa omi kinínì. Kinínì yìí náà ni o, kinínì kíkorò tí àwọn bàbá wa ń gbé mì nítorí ibà. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kọlù ú, ojú rẹ̀ á yọ búlúù mímọ́. Herschel rò pé ojú omi nìkan ni nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ojú nǹkan sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tó wá ìdí rẹ̀ kàn ni George Gabriel Stokes, ọmọ Ireland tí wọ́n bí ní 1819, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Cambridge, lórí àga tí Isaac Newton ti jókòó rí. Ẹ bá mi fojú inú wo yàrá rẹ̀. Fèrèsé tì pa, yàrá ṣú dùdù, àfi ihò kan tí oòrùn ń gbà wọlé. Oòrùn yẹn gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, ó sì pín sí àwọ̀ bí òṣùmàrè: pupa lápá kan, elésè àlùkò lápá kejì. Stokes mú túùbù dígí tí omi kinínì wà nínú rẹ̀, ó ń gbé e kọjá díẹ̀díẹ̀ láti àwọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Nínú pupa, kinínì kò ṣe nǹkan kan. Nínú àwọ̀ ewé, pàbó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí elésè àlùkò tán, ìmọ́lẹ̀ búlúù yọ nínú omi náà. Ó tún tì í síwájú sí i, ó gbé e kúrò nínú gbogbo àwọ̀ tí ojú lè rí, bọ́ sínú òkùnkùn lẹ́yìn elésè àlùkò. Níbẹ̀, níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ni kinínì ti tàn yòò.

Láti ọdún 1801 ni Johann Wilhelm Ritter ará Jámánì ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òun là ń pè ní ultraviolet lónìí. Ohun tí Stokes rí nìyí: kinínì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí, ó sì ń dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ tí a rí. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kọ́ ló jáde. Ó tún rí i pé èyí tó jáde kì í lágbára tó èyí tó wọlé. Ẹ rò ó bí ẹni tó lọ gba owó lọ́dọ̀ oní-POS. Ohun tí báǹkì yọ nínú àkáǹtì yín àti ohun tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ kò dọ́gba. Oní-POS ti mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ kinínì, díẹ̀ tó kù sílẹ̀ yẹn ń di ooru.

Ní ọdún 1852 ni Stokes gbé iṣẹ́ yìí jáde, nínú ìwé tó gùn gan-an. Orúkọ kan ló kọ́kọ́ fún nǹkan náà, ọ̀rọ̀ méjì tó sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń tú ká bó ti ń ta padà. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, ló ti kọ ọ́ pé òun kò fẹ́ràn orúkọ náà, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, fluorescence, láti ara fluorspar, gẹ́gẹ́ bí opalescence ṣe wá láti ara òkúta opal. Nígbà tó fi máa di 1853, tó tún kọ òmíràn, orúkọ tuntun yìí ló ń lò. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń pè lónìí, ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni Stokes rí lára òkúta yìí? Fluorspar tí wọ́n wà jáde ní Alston Moor, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ ewé ni. Bí oòrùn bá kọlù ú lójú, á yọ búlúù. Ìwà kan náà pẹ̀lú ti kinínì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fluorspar níbòmíràn kò tàn rárá. Àlejò tó bá fara pamọ́ sínú rẹ̀ ló ń tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń pè ní europium ni, èyí tí kò ju ìwọ̀nba kíún lọ. Kinínì ló jẹ́rìí fún Stokes, àlejò inú òkúta ló tàn, òkúta ló wá gba oyè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ mú túùbù kan dání, ẹ wo inú rẹ̀: ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ara dígí náà yíká. Inú rẹ̀ ni mẹ́kúrì díẹ̀ wà pẹ̀lú gáàsì tí kò ki. Bí sítátà àti ṣókù bá ti tì í gbéra, iná mànàmáná á gba inú mẹ́kúrì náà kọjá, mẹ́kúrì á sì tú ultraviolet jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìgbì tó gùn ní ìwọ̀n 254 nánómítà. Ojú wa kò rí i, nítorí pé láti nǹkan bí 400 dé 700 ni tiwa. Ìyẹ̀fun funfun yẹn ló gbà á, tó sì dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń ka owó lálẹ́. Ohun tí kinínì ṣe ní yàrá Stokes, òun ni ìyẹ̀fun náà ń ṣe lórí àjà yín. Ọdún 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú túùbù yìí lọ́jà ní Amẹ́ríkà. Nítorí mẹ́kúrì yìí, bí ọ̀kan bá fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó o.

Pésìtì ńkọ́? Ohun kan wà nínú fluorspar tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí ó burú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ ohun gbogbo tó bá fara kàn. André-Marie Ampère ará Faransé dábàá fún Humphry Davy pé kí wọ́n fi orúkọ òkúta náà pè é. Davy gbé orúkọ náà jáde ní 1813: fluorine. Ìgbà tó di 1886 ni Henri Moissan tó yà á sọ́tọ̀ ní Paris. Bí fluorine bá ti bá nǹkan bíi sodium so pọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì di fluoride. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ló wà nínú pésìtì, tó ń wọ ara eyín, tó ń mú un le kí ásíìdì inú ẹnu má tètè jẹ ẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe iná lẹ ń fi sẹ́nu. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n: ìwà òkúta náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní fluorescence, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi pè ní fluorine. Àwọn ọmọ ìyá yìí sì tún padà pàdé. Ní ọdún 1942, wọ́n rí ìyẹ̀fun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kun inú túùbù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ni, tí fluorine díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò pọ̀ sì jọ bí ti ara eyín wa. Ẹ̀yin tí ẹ wo túùbù, tí ẹ wo pésìtì, tí ọkàn yín sọ fún yín pé wọ́n jọra, ẹ kò ṣìnà.

Ó ku àgùàlà. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pe ìyẹ̀fun inú túùbù ni phosphor. Gíríìkì ni, ó túmọ̀ sí ẹni tó gbé ìmọ́lẹ̀ dání, orúkọ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ sì ń pe àgùàlà nìyẹn bó bá yọ láàárọ̀ kí oòrùn tó là. Láti ibẹ̀ ni phosphorescence ti wá, orúkọ ohun tó ń tàn lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti paná, nígbà tí fluorescence ń kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò rí i báyìí? Èyí tí orúkọ rẹ̀ sọ ìmọ́lẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ìràwọ̀. Fluorescence, tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ gan-an, gba tirẹ̀ nídìí iléru.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mú lọ nìyí. Orúkọ ìmọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Ó sábà máa ń sọ ibi tí ènìyàn ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Bí olùkọ́ bá fi òye nìkan túmọ̀ rẹ̀, yóò bọ́ sínú òdòdó. Bó bá tú u lẹ́yọ lẹ́yọ sí Yorùbá, yóò di ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣàn, òfo sì ni. Bí wọ́n bá ní kí n fi èdè wa pè é, iṣẹ́ tó ń ṣe ni màá fi pè é, bí àwọn awakùsà ìjọ́un ti ṣe: àgbàtàn. Ó gbà, ó tàn. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní ìparí rẹ̀, kó má lọ di àgbàtán.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹ ra omi tonic, nítorí kinínì ló mú un korò, ẹ dà á sínú ife tó mọ́ gaara. Ẹ yá tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa gbogbo iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ má tàn án sí ojú ẹnikẹ́ni. Omi tí kò ní àwọ̀ yóò yọ búlúù níwájú yín, bó ti yọ fún Stokes. Kí ẹ tó dárúkọ ohunkóhun fún un, ẹ bi í pé kí ni òun yóò pè é. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.